Dáìsì wo ló yẹ kí a fi sọ ìtàn Kétu?

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn mo fi àwòrán tábìlì kan síbí, tí dáìsì méjì, bébà àti igbá kékeré kan wà lórí rẹ̀, mo ní eré tí èmi àtàwọn ọmọ kíláàsì mi ń ṣe ní ọ̀sán Ọjọ́rú nìyẹn. Ìbéèrè pọ̀. Àwọn kan ní ṣé tẹ́tẹ́ ni mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an bi mí bóyá Ifá là ń fi ṣeré. Rárá, Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo, tó ti ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ rí ní Kútọnu, ló bi mí ní ohun tó dùn mọ́ mi jù: “Tíṣà, òfin ta lẹ ń lò?” Ìdáhùn rẹ̀ gùn díẹ̀, torí náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà: Faransé ń pè é ní jeu de rôle. Ẹnì kan ń darí ìtàn, àwọn yòókù gba ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan, ọdẹ, ìyálọ́jà, ońṣẹ́ ọba, oníṣègùn. Olùdarí á ní, “Ẹ dé etí odò, omi ti kún, ẹ sì ń gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn ní òdìkejì. Kí lẹ máa ṣe?” Kálukú á sọ ohun tí ẹ̀dá tirẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá ti gbọ́ àlọ́ lábẹ́ òṣùpá ti mọ ìdajì eré yìí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé apàlọ́ ti mọ ibi tí Ìjàpá máa já sí kó tó la ẹnu. Níbí, kò sí ẹni tó mọ̀. Ọmọ á ní, “Mo wẹ odò náà kọjá.” Ta ló máa sọ bóyá ó kọjá lóòótọ́? Bó bá jẹ́ pé olùdarí ló ń dá a sọ, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi ní ó ń ṣe ojúsàájú. Ìdí nìyẹn tí dáìsì fi wà. (Àwa níbí ń pè é ní dé bíi ti Faransé, ṣùgbọ́n bí mo bá kọ “dé ti dé”, ẹ ò ní mọ èwo ló dé. Ẹ jẹ́ ká fi í sí dáìsì bíi tàwọn ará Nàìjíríà.) Òfin tó ń sọ bí a ṣe ń ka dáìsì náà ló yàtọ̀ láti ìwé kan sí òmíràn, ìyàtọ̀ náà sì ju ọ̀rọ̀ nọ́ńbà lọ.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rí jẹ́ ìwé kan tó ti ya, ní yàrá ìkàwé ibi tí wọ́n ti kọ́ wa níṣẹ́ olùkọ́: Le Sorcier de la Montagne de feu. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Steve Jackson àti Ian Livingstone, ló kọ ọ́ ní 1982, Gallimard sì tẹ̀ ẹ́ ní èdè Faransé. Ìwé téèyàn ń dá ṣe ni, ó ní ìpín 400, ìwọ lo máa yan èyí tí o máa lọ kà tẹ̀lé e. Nọ́ńbà mẹ́ta ni ẹ̀dá rẹ ní: òye ìjà, okun, àti Chance. Ti Chance yìí ló mú mi. Bí o bá fẹ́ dán an wò, o ta dáìsì méjì. Bí àròpọ̀ wọn kò bá ju Chance rẹ lọ, orí bá ọ ṣe é. Ṣùgbọ́n ìbáà dára, ìbáà burú, Chance rẹ á fi oókan dín. Ẹni tó bá ń ké pe orí fún gbogbo nǹkan kéékèèké, ọjọ́ tí nǹkan ńlá bá dé, kò ní bá nǹkan kan nílẹ̀ mọ́. Ìyá mi àgbà kò ní gbà bẹ́ẹ̀, torí lójú tiwọn orí kì í tán. Síbẹ̀, mo ronú lórí òfin kékeré yẹn fún ọjọ́ mélòó kan, mo sì rí i pé ẹni tó kọ ọ́ ti sọ èrò kan nípa ayé láìwàásù.

Baba gbogbo irú eré wọ̀nyí ni Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974. Lóde òní, dáìsì olójú 20 ló gbé e dúró. O ta á, o fi nọ́ńbà ẹ̀dá rẹ kún un, bó bá tó iye tí olùdarí dá, ó bọ́ sí i. Nínú àtúnṣe tó jáde ní 2014, iye náà jẹ́ 10 fún ohun tó rọrùn, 15 fún èyí tó wà láàárín, 20 fún èyí tó le. N kò rí dáìsì olójú 20 rà lọ́jà wa, mo bá kọ 1 sí 20 sórí bébà kéékèèké, mo kó wọn sínú igbá. Ọmọ á fa ọ̀kan, á kà á, á dá a padà. Dídá a padà yẹn ṣe pàtàkì o. Bí a kò bá dá a padà, ìṣirò ti yí padà, àwọn ọmọ troisième mi lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún yín.

Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé kò fara sin. Ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ 5 nínú 100, ọmọ sixième lè dá a ṣe láìlo ẹ̀rọ ìṣirò. Àmọ́ níbẹ̀ gan-an ni n kò ti bá a rẹ́. Ojú 1, ojú 11 àti ojú 20, bákan náà ni wọ́n ṣe ń jáde. Fi ọdẹ tó ti lo ọgbọ̀n ọdún nínú igbó, tó ní 5 láti fi kún dáìsì rẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ igbó lánàá tí kò ní nǹkan kan. Ìyàtọ̀ wọn kò ju 25 nínú 100 lọ. Ẹ bi ọdẹ gidi léèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ni igbó ṣe rí.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn tí à ń ṣe. Àwọn ọmọ ló yàn án, kì í ṣe èmi. Ìtàn Kétu ni. Ẹ mọ̀ ọ́n: ní 1886 ni ọmọ ogun Dànhọ̀mẹ̀, lábẹ́ ọba Glele, dó ti ìlú náà títí ó fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́, tòun ti odi rẹ̀, tòun ti yàrà rẹ̀, tòun ti Àkàbà Ìdènà. Wọ́n kó àwọn ènìyàn lẹ́rú. Ahoro ni ìlú náà jẹ́ títí Faransé fi ṣẹ́gun Dànhọ̀mẹ̀, tí àwọn tó ṣẹ́ kù fi padà wá tún un kọ́. Nínú eré wa, ìlú kò tíì ṣubú. Oúnjẹ ti ń tán. Ọmọ mẹ́fà, ẹ̀dá-ìtàn mẹ́fà: wọ́n fẹ́ yọ́ jáde lóru láti gbé àrokò lọ wá ìrànlọ́wọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́fà náà jẹ́ ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ ti Àgbómẹ̀ wá. Fọ̀n ni wọ́n ń sọ nílé wọn, Yorùbá ló ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ, ó sì gbọ́ ọ ju ọmọ Kétu mìíràn lọ.

Mo fẹ́ kí wọ́n fi òfin mélòó kan dán ìtàn kan náà wò, ká lè fi wọ́n wéra. Ti D&D la kọ́kọ́ mú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan: ìwé kọ̀ọ̀kan ní ohun tó fi ń sanwó fún ẹ̀dá-ìtàn, ìyẹn ni pé ó ní ohun tí èèyàn á ṣe kí ẹ̀dá rẹ̀ tó lágbára sí i. Nínú àwọn ìwé D&D àtijọ́, wúrà tí o bá kó jáde nínú ihò ló ń gbé ọ ga jù. Nínú tòde òní, àwọn ọ̀tá tí o bá ṣẹ́gun ni. Ẹ̀ṣọ́ lásán, tó di ọ̀kọ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà, ìwé náà fún un ní okun 11, ó sì fi ìrírí 25 lé orí rẹ̀. Àwọn ọmọ wa dé etí yàrà, wọ́n rí ẹ̀ṣọ́ Dànhọ̀mẹ̀ mẹ́rin tó yí iná ká. Ọ̀kan ṣírò rẹ̀ kíá, ó ní, “Mẹ́rin lọ́nà 25, cent nìyẹn! Ẹ jẹ́ ká pa wọ́n.” Gbogbo wọn ti ń na ọwọ́ sí igbá. Ọmọbìnrin yẹn gbé bébà rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ baba ńlá mi. Ṣé 25 ni iye rẹ̀?”

Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Wọ́n wo ojú mi.

Àwọn tó mọ D&D dáadáa á ní olùdarí lè fún àwọn ọmọ ní ìrírí fún ọ̀nà mìíràn tí wọ́n gbà borí ọ̀tá, pé kò pọn dandan kí wọ́n pààyàn. Òótọ́ ni, ìwé náà fàyè gbà á. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀ṣọ́ yẹn ti sọ̀rọ̀ kí olùdarí tó la ẹnu. Ohun tí òfin bá ń sanwó fún, ohun tí ọmọdé máa ṣe nìyẹn. Àgbàlagbà náà kò yàtọ̀.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, a gbé òfin L'Appel de Cthulhu wá. Sandy Petersen ló kọ ọ́, ilé iṣẹ́ Chaosium gbé e jáde ní 1981, láti inú ìtàn ẹ̀rù tí Lovecraft ará Amẹ́ríkà kọ. (Lovecraft yìí kò fẹ́ràn èèyàn dúdú rárá, àwọn ìwé rẹ̀ kò sì fi pa mọ́. Òfin nọ́ńbà rẹ̀ ni mo yá lọ́wọ́ Petersen. Àwọn iwin Lovecraft, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún un.) Níbẹ̀, ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ iye kan nínú 100. Bí títọ ipasẹ̀ ẹran rẹ bá jẹ́ 45, o wá nọ́ńbà láàárín 1 sí 100. Bí kò bá ju 45 lọ, o rí ipasẹ̀. Òfin yìí bá ojú ayé mu ju ti ìṣáájú lọ, torí ó yà ìmọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ẹni tó mọ odò wẹ̀ kò ní torí ẹ̀ mọ ewé.

Bí ẹ̀dá ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ló wù mí jù. Bí o bá lo ìmọ̀ kan tó sì bọ́ sí i, o fi àmì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí ìtàn bá parí, o tún wá nọ́ńbà mìíràn. Ó gbọ́dọ̀ ju ìmọ̀ rẹ lọ kí ìmọ̀ náà tó pọ̀ sí i. Ẹni tó wà ní 20 ní 80 nínú 100 láti kọ́ nǹkan tuntun. Ẹni tó ti dé 90, 10 péré ló kù fún un. Èmi tí mo ń kọ́ni ní ìṣirò, n kò tíì rí ìwé pédagogie kan tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn kúkúrú tó bẹ́ẹ̀. Kò sì sí ẹni tó ń gba owó lórí òkú ẹ̀ṣọ́.

Nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀ tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Pẹ̀lú D&D, mo ti ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ ń sọ ìtàn ní Yorùbá, àmọ́ tí nọ́ńbà bá ti dé, Faransé ni: dix-sept, quinze, vingt. Bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ń dín kù. Nígbà tí a wá dé 100, mo fi òfin tiwa kan kún un: nọ́ńbà tí a kò bá pè ní Yorùbá kò tíì jáde. Quarante-sept. Ẹ dúró ná. Mẹ́tàdínláàádọ́ta! Ìyẹn ni pé o mú àádọ́ta, o yọ ẹ̀ta. Ìkan nínú wọn tó máa ń bá ìyá rẹ̀ àgbà jókòó tì í lọ́jà ló ń gba àwọn yòókù sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n ń pe mẹ́tàlélọ́gọ́ta, márùndínlógójì, láìronú. Mo ti gbìyànjú láti kọ́ wọn ní nǹkan yìí rí pẹ̀lú tábìlì lórí pátákó, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Síbẹ̀, òfin náà ní ibi tó ti ń jámọ. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀. O rí ipasẹ̀, tàbí o kò rí i. Ọmọ tó bá fa 81 nígbà tó ní 30, eré dúró. Ó tún fa, 66, eré tún dúró. Àwọn tó tún ìwé náà ṣe lẹ́yìn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: nínú ti 2014, o lè tún un ta, bí o bá gbà kí ohun tó burú jù bá ọ tó bá tún kùnà. Ó ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀.

Èyí tí a wá fi ń ṣe é báyìí ni ti Apocalypse World, ìwé tí Vincent Baker àti Meguey Baker, tọkọtaya ará Amẹ́ríkà, gbé jáde. 2010 ni ó kọ́kọ́ jáde. Ayé tó ti bàjẹ́ ni ìtàn inú rẹ̀ dá lé, ọ̀rọ̀ àgbàlagbà sì pọ̀ níbẹ̀, n kì í gbé ìwé náà fún ọmọdé. Àmọ́ ìpìlẹ̀ òfin rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Dáìsì olójú 6 méjì, bíi ti Ludo tó wà nílé gbogbo yín. O ro wọ́n pọ̀, o fi nọ́ńbà kékeré kan kún un. 10 sókè: o ṣe é, ó sì dára. 7 sí 9: o ṣe é, ṣùgbọ́n ó máa ná ọ ní nǹkan. 6 sísàlẹ̀: ọwọ́ olùdarí ló wà.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Ọ̀nà 36 ni dáìsì méjì lè gbà ṣubú. 7 nìkan ní ọ̀nà 6. 12 ní ọ̀kan ṣoṣo, 2 náà ní ọ̀kan. Fún ẹni tí kò ní nǹkan láti fi kún un, ọ̀nà 6 ló dára pátápátá, ọ̀nà 15 ló burú, ọ̀nà 15 yòókù wà ní àárín, níbi “ṣùgbọ́n” yẹn. Bó bá ní 2 láti fi kún un, ó di 15 fún rere, 6 fún búburú, 15 yẹn sì dúró láàárín síbẹ̀. Ọ̀jáfáfá ń jàǹfààní gidi níbí ju orí olójú 20 lọ. Àmọ́ “ṣùgbọ́n” kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n ṣe tó.

“Ṣùgbọ́n” yìí gan-an ló yí tábìlì wa padà. Ọmọ tó gbé àrokò ta 8 nígbà tó ń ra pálá kọjá yàrà. Mo ní, “O kọjá. Ṣùgbọ́n yan ọ̀kan: àpò àrokò bọ́ sílẹ̀, tàbí ẹ̀ṣọ́ kan rí ojú rẹ.” Kò sí nọ́ńbà tó lè gbà á níbẹ̀, ó ní láti sọ̀rọ̀. Ó ronú, ó ní kí ẹ̀ṣọ́ rí òun. Ọmọbìnrin wa láti Àgbómẹ̀ bá na ọwọ́, ó ní, “Monsieur, ẹ jẹ́ kí èmi jẹ́ ẹ̀ṣọ́ náà.” Nínú òfin yìí ẹ̀ṣọ́ kò ní iye lórí, kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́. Ó ní ẹ̀ṣọ́ náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wọ́n mú un wá sógun ni, kò pariwo. Ó ta dáìsì láti mọ̀ bóyá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fura. 9. Wọn kò fura, ṣùgbọ́n ẹnì kan máa bi í lọ́la pé kí ló fi ń wo yàrà. Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọ tó gbé àrokò sọ fún un, ní Fọ̀n tó kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé ó ṣeun.

Lẹ́yìn eléyìí ni ọ̀kan nínú wọn bi mí ní ìbéèrè tí mo ti ń retí: “Monsieur, bí mo bá ta 12, ṣé Kétu á là?” Mo ní rárá. Ó ní kí la wá ń ta dáìsì sí? Òmíràn ní ìlú Abẹ́òkúta lé ogun Dànhọ̀mẹ̀ padà ní 1851, wọ́n tún lé e ní 1864, kí ló dé tí ti Kétu kò lè rí bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn wà lọ́wọ́ òfin tí èèyàn bá yàn. Ní orí olójú 20, 1 nínú 20 ń bẹ nígbà gbogbo fún ohun àrà, bí olùdarí bá ti gbà kó o ta á. Ọmọ kan ìbá ti fa 20, Kétu ìbá sì dúró lórí tábìlì wa. Ó ń dùn mọ́ni, mi ò ní purọ́. Àwọn eré kan tilẹ̀ wà tí kò ní dáìsì rárá, bíi Amber tí Erick Wujcik gbé jáde ní 1991. Ibẹ̀, ẹni tó bá lágbára jù ló borí, àyàfi bí èkejì bá fi ọgbọ́n yí ìjà náà padà sí ohun tóun mọ̀ ọ́n ṣe jù. Bí a bá fi ìyẹn ta ìdótì Kétu, ìtàn náà á tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tí èmi sọ fún wọn ni pé dáìsì wa kò dé orí ìlú, orí èèyàn ló dé. Ta ló jáde, ta ló kù, kí ló gbé dání, ta ló ràn án lọ́wọ́: ìwọ̀nyí ni kò sí ẹni tó kọ wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì ṣẹlẹ̀ sí àwọn baba ńlá kan nínú yín. Méjì nínú wọn gbà. Ẹni tó bi mí ní ìbéèrè kò tíì gbà, ó ní òun ń bọ̀ wá bá mi jiyàn, mo sì mọ̀ pé ó máa wá.

Ìkan ṣoṣo ló dùn mí nínú òfin tuntun yìí: nọ́ńbà rẹ̀ kò kọjá 12 púpọ̀, àwọn ọmọ ti mọ ìyẹn ní Yorùbá láti kékeré. Mo ti wá ọgbọ́n sí i. Oúnjẹ tó kù nínú ìlú là ń ka báyìí ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ eré, láti orí igba apẹ̀rẹ̀ àgbàdo wálẹ̀, ní Yorùbá nìkan. Ó ti di mẹ́rìndínláàádóje.

Ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀ wọ́n máa wọ ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí. Irà wà níbẹ̀, òjò ti rọ̀, ọmọ tó gbé àrokò kò sì ní nǹkan kan láti fi kún dáìsì rẹ̀ tó bá di ọ̀rọ̀ omi. Òfin tí à ń lò kò ju ojú ìwé kan lọ, Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ fún àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀, kó kọ ọ̀rọ̀ sí mi, màá fi ránṣẹ́. Dáìsì méjì péré ni kẹ́ ẹ wá.